Díńgì tó ń sáré lé ọkọ̀: ṣé okùn ló fà á ni, àbí ìgbì?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọkọ̀ ìgbòkun wa gùn ní mítà 10, díńgì onírọ́bà, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tó gùn ní mítà 2.6 la sì máa ń so mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tá a jáde kẹ́yìn, ṣe ni díńgì yẹn ń sáré wá kọlu ìdí ọkọ̀. Bó bá sinmi ìyẹn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, fì sósì, bí ẹni tó mutí yó. Ọkọ mi ní ká ta okùn rẹ̀ gùn. Àbúrò rẹ̀ tó bá wa lọ ní rárá, ká fà á mọ́ra pátápátá. Lóṣù tó ń bọ̀, a fẹ́ rin ìrìn àjò ọjọ́ méjì lẹ́bàá etíkun, a ó sì fi òru kan wà lórí ìrìn. Ẹ́ńjìnnì kékeré tá a fi ń wa díńgì máa ń wà lára rẹ̀. Ta ni ká tẹ̀lé nínú àwọn méjèèjì?”

Ìdáhùn: Ẹ kú àdúrótì ọkọ, ẹ sì kú àdúrótì ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ọkọ, mi ò ní dá sí i, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n fi mọ̀ mí. Àmọ́ lórí eléyìí, ọkọ yín tọ̀nà, àbúrò wọn náà tọ̀nà, àwọn méjèèjì sì tún ṣì í. Bí okùn ṣe gùn tó kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa jiyàn lé lórí, ibi tí díńgì dúró sí lórí ìgbì tí ọkọ̀ yín ń dá sílẹ̀ ni. Ká tó débẹ̀, gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tó jẹ́ kí n gbé ife ọwọ́ mi sílẹ̀: ẹ́ńjìnnì máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ ò bá ka èyí tó kù, ẹ ṣáà yọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ẹ lọ jókòó sí ìdí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kẹ́ ẹ kọjú sẹ́yìn. Ẹ ó rí i pé omi tí ọkọ̀ là kọjá kì í tẹ́jú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Á ga, á wálẹ̀, á tún ga, á tún wálẹ̀, bí ebè tí wọ́n kọ sóko. Àwọn ebè omi yìí ń bá ọkọ̀ rìn ni. Bí ọkọ̀ bá yára, wọ́n á yára, bó bá dúró, wọ́n á parẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí ni pé àlàfo tó wà láàárín ebè kan sí èkejì kì í dúró sójú kan. Eré tí ọkọ̀ ń sá ló ń pinnu rẹ̀. Ní nọ́ọ̀tì 5, bíi mítà 4.2 ló wà láàárín wọn. Ní nọ́ọ̀tì 6, ó ti di mítà 6.1. Ní nọ́ọ̀tì 7, ó ti lé ní mítà 8. (Nọ́ọ̀tì kan jẹ́ kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan, fún ẹni tí kò tíì mọ́ lára.) Yálà ọkọ̀ tóbi ni o, yálà ó kéré ni o, iye yẹn kì í yí padà, torí omi ló ni òfin yẹn, ọkọ̀ ò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá gbé díńgì yín sórí àwọn ebè yẹn lójú inú. Bó bá wà lẹ́yìn ebè, òkè ló ń gùn: okùn á le gbọnyingbọnyin, ọkọ̀ á sì máa wọ́ ọ bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ tí ò fẹ́ dé ọjà. Bó bá wà ní ìhà tó kọjú sí ọkọ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀, omi fúnra rẹ̀ á máa tì í, ẹrù á sì fúyẹ́ lára okùn. Àmọ́ tó bá wọ ibi tó ti dà gẹ̀rẹ́ jù, á sáré já sínú kòtò tó wà níwájú rẹ̀, okùn á dẹ̀, imú rẹ̀ á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ọkọ̀ á fi já okùn náà gbà lójijì. Á tún padà sẹ́yìn, á tún sáré wá. Ohun tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Díńgì yín ò ya aláìgbọràn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ gbé e sí.

Tí omi bá parọ́rọ́, ibi tí mo máa ń gbé tèmi sí ni ìhà tó kọjú sí ọkọ̀ lára ebè kejì, kó kù díẹ̀ kó dé góńgó rẹ̀. Ebè àkọ́kọ́ sún mọ́ ìdí ọkọ̀ jù, omi ibẹ̀ sì máa ń ru. Bí mo ṣe ń wá ibẹ̀ rèé: mo máa ń yí okùn lẹ́ẹ̀kan péré mọ́ irin ìsokùn tó wà ní igun ìdí ọkọ̀, kí irin lè bá mi gbé ẹrù, kí ìka mi má sì há. Màá wá máa tú u díẹ̀díẹ̀, bí ìdajì apá lẹ́ẹ̀kan. Á kọ́kọ́ wúwo, torí ẹ̀yìn ebè àkọ́kọ́ ló ń gùn. Á wúwo, á wúwo, lójijì á fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bíi garawa tí ìdí rẹ̀ jò. Ó ti bọ́ síwájú ebè kejì nìyẹn. Mi ò ní so ó síbẹ̀ o. Màá tún tú ìwọ̀n apá kan sí i, tàbí apá kan ààbọ̀, títí màá fi rí i pé okùn tún ti ní ìwúwo díẹ̀ lára, tó nà, àmọ́ tí kò le. Ìgbà yẹn ni mo tó so ó. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ojú kì í sì í mọ̀ ọ́n tó ọwọ́.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nígbà tí ọkọ yín ní kẹ́ ẹ ta okùn gùn, afẹ́fẹ́ ti le, ọkọ̀ ti ń sá nọ́ọ̀tì 6, ebè kejì sì ti sún sẹ́yìn kọjá díńgì. Nígbà tí àbúrò wọn ń ní kẹ́ ẹ fà á wọlé, bóyá afẹ́fẹ́ ti rọ̀, ebè sì ti padà sún mọ́lé. Láti nọ́ọ̀tì 5 sí 6, ebè kejì á sún sẹ́yìn tó nǹkan bíi mítà 4. Okùn tó bá a mu láàárọ̀ kò ní bá a mu lọ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn.

Tí inú bá ń bí mi sí díńgì, mo máa ń rántí William Froude, onímọ̀ ẹ̀rọ ará England tó kú ní 1879. Ní àwọn ọdún 1870, ó ṣe adágún gbọọrọ kan sí Torquay, ó wá ń fa àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó fi ìda mọ káàkiri inú rẹ̀, ó ń wọn bí okùn ṣe ń le tó. Àgbà ọkùnrin tó ń fa ọkọ̀ ìda kiri! Àmọ́ nínú eré yẹn ni ayé ti mọ bí ìgbì ṣe ń jẹ agbára ọkọ̀, títí dòní ni wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe nọ́ńbà tí àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ fi ń ṣírò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára tá a dé yìí, ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ lẹ̀ ń fa díńgì. Ọkọ̀ tó kúrú kì í fẹ́ yára. Díńgì mítà 2.6 kì í fẹ́ kọjá bíi nọ́ọ̀tì 4 láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ gun ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ dá, ẹ̀yin sì fẹ́ fà á ní 6. Onírọ́bà ṣì dára díẹ̀ torí pé ó fúyẹ́, á gun ìgbì náà, á sì máa yọ̀ lórí omi. Èyí tí wọ́n fi pákó tàbí fáíbà ṣe wúwo jù bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń tọ ọ̀nà gbọọrọ ju onírọ́bà lọ tó bá ní igi ẹ̀yìn lábẹ́. Lórí ọkọ̀ bíi tiyín, ìdajì nọ́ọ̀tì ni mo máa ń yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò mi fún díńgì tó ṣófo, tí omi bá sì ti wọ inú rẹ̀, ó lè tó nọ́ọ̀tì kan gbáko. Ìdajì nọ́ọ̀tì fún wákàtí 10, máìlì omi 5 nìyẹn. Máìlì 5 tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń pinnu bóyá ojúmọmọ lẹ máa bá wọ èbúté tàbí òkùnkùn.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí fífì. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára ohun tí mo ti rí, ibi tí wọ́n so okùn sí ló ń fà á. Ẹ wo imú díńgì yín dáadáa. Ìdè kan máa ń wà lókè tí ọwọ́ máa ń dì mú, òrùka irin méjì sì máa ń wà nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nítòsí ibi tí omi ń gbà kọjá. Ti òkè yẹn, ẹ fi gbé e ni, ẹ má fi fà á. Àwọn òrùka ìsàlẹ̀ ni ti okùn. Tí ẹ bá fà á láti òkè, imú á máa rì wọ omi, ìtọ́kọ̀ ò sì sí lára rẹ̀, ibi tó bá wù ú ló máa lọ. Tí ẹ bá fà á láti ìsàlẹ̀, imú á gbéra. Ẹ ṣe okùn alápá méjì: apá kan wọ òrùka ọ̀tún, apá kejì wọ ti òsì, kí àwọn méjèèjì pàdé níwájú, kí okùn ńlá sì mú wọn níbi tí wọ́n ti pàdé. Kí apá kọ̀ọ̀kan gùn tó ìbú díńgì, ó kéré tán. Tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, á máa fún rọ́bà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, á sì máa fa òrùka sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òrùka yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sọ́nà sí. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà, oòrùn sì máa ń se gọ́ọ̀mù. Ẹ ti èékánná bọ etí àwọ̀ tó yí òrùka ká. Tí èékánná bá wọlé, ẹ má fà á jáde lọ sójú òkun kẹ́ ẹ tó tún un lẹ̀. Ẹ tún wo afẹ́fẹ́ inú díńgì. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ kún nínú oòrùn ọ̀sán, tẹ́ ẹ wá gbé e sínú omi tútù, á rọ̀ láàárín wákàtí kan láì sí pé ó jò níbì kankan. Díńgì tó rọ̀ máa ń tẹ̀ láàárín, á máa mu omi, á sì máa fì. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn tó ti wọ omi. Bí ìlù ló yẹ kó dún. Tó bá dún bí ìrọ̀rí, mo máa ń gbé páǹpù.

Okùn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èrò pín síbí yìí, mi ò sì ní díbọ́n pé gbogbo atukọ̀ ló máa gbà pẹ̀lú mi. Okùn náílọ́ọ̀nù máa ń nà tí ẹrù bá fà á, ìyẹn ló sì dára nígbà tí ọkọ̀ bá já a gbà lójijì, àmọ́ ó máa ń rì. Okùn polypropylene ń léfòó, kò ní wá pùròpẹ́là (abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ lọ) lọ sábẹ́ ọkọ̀, àmọ́ oòrùn máa ń jẹ ẹ́ kíá, ó ń yọ̀, kókó sì máa ń tú lára rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tó nípọn ní mìlímítà 12 ni mo ń lò, mo sì ti àwọn ìléfòó kéékèèké bọ ọ́ lára láti ibi tó sún mọ́ díńgì, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Kò wuyì lójú, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ṣe é, pùròpẹ́là mi ò tíì jẹ okùn. Kó gùn tó mítà 20, kẹ́ ẹ má bàa máa wá okùn tẹ́ ẹ máa fi gùn un lọ́jọ́ tó bá di dandan.

Lápá ti díńgì, ẹ lè fi kókó tí wọ́n ń pè ní bowline so ó, kò sí wàhálà. Lápá ti ọkọ̀, ẹ má ṣe dán an wò. Bowline ò ṣeé tú tí ẹrù bá wà lára okùn. Orí irin ìsokùn ni kẹ́ ẹ yí i mọ́, lọ́nà tí ẹnì kan ṣoṣo fi lè tú u lójú ẹsẹ̀. Ibi tí okùn bá ti ń fara ha etí ọkọ̀, ẹ ki í bọ inú ègé rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi, torí okùn tó ń ha nǹkan láti àárọ̀ lè má rí ìrọ̀lẹ́. Ẹ tún mú okùn kejì láti igun kejì ìdí ọkọ̀ lọ síbòmíràn lára díńgì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa wò lọ, títí di ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá já.

Ó wá kan ẹ́ńjìnnì. Ó ti pẹ́, irun mi dúdú kirikiri nígbà yẹn, ọgbọ́n mi sì kéré. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń fa díńgì onírọ́bà tó ní ẹ́ńjìnnì lára. Ìrìn wákàtí mẹ́ta péré ni, ta ló fẹ́ máa yọ ẹ́ńjìnnì nítorí wákàtí mẹ́ta? Afẹ́fẹ́ gbéra lójijì, ó tó bíi nọ́ọ̀tì 25. Mo ń wò ó báyìí. Ìwúwo ẹ́ńjìnnì ti tẹ ìdí díńgì sínú omi, imú rẹ̀ sì yọ sókè gangan, ó ń pe afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà dáhùn. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé e dúró lórí ìdí fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ṣí i dé bí ẹni ṣí ojú ewé ìwé. Pẹ́ẹ́! Ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ omi, ìsàlẹ̀ díńgì ń wo ọ̀run. Ọkọ̀ wa tó ń sá nọ́ọ̀tì 6 rọ̀ di 3, okùn ń kọrin bí gòjé. Kí á tó rọ ìgbòkun sílẹ̀, òrùka kan ti já kúrò lára rọ́bà. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ ká tó yí i padà. Ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, àmọ́ kò jí ní fífà àkọ́kọ́ mọ́ títí mo fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó ń tú u tà.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì kàn bá ìjàǹbá náà lọ. Òun gan-an ló dá a sílẹ̀. Kódà èyí tó kéré gan-an lè wúwo tó bíi kìlógíráàmù 13 sí 17 nídìí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò ju bíi 30 lọ. Agbára afẹ́fẹ́ sì máa ń fò ju bí ẹ ṣe rò lọ: tó bá kúrò ní nọ́ọ̀tì 20 bọ́ sí 30, ó ti fi ohun tó lé ní ìlọ́po méjì le sí i. Nítorí náà, ẹ yọ ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sára irin ààbò ìdí ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi okùn dè é kó tó kúrò lára díńgì. Okùn yẹn kọ́kọ́ o, torí ọwọ́ tó ń yọ̀ ti ju ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì sínú òkun láàárín ọkọ̀ méjì. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì rì sínú omi iyọ̀ láé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ fa okùn rẹ̀ títí omi á fi tán nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tan án lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá dá a dúró di ọ̀la, ìpẹtà ti ṣáájú yín débẹ̀.

Táǹkì epo, àjẹ̀, ìjókòó, bàtà àwọn ọmọ, ẹ kó gbogbo wọn jáde. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀ kò lè sọnù.

Omi ńkọ́? Ilẹ̀ inú díńgì bíi tiyín á fẹ̀ tó mítà 1.7 sí mítà 0.7. Tí omi bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré nínú rẹ̀, ó ti tó líta 120, kìlógíráàmù 120 ló sì fi wúwo. Bí ẹni pé àgbàlagbà méjì tí kò sanra jókòó síbẹ̀, tí wọ́n sì ń sáré láti iwájú lọ sẹ́yìn nígbàkígbà tí ìgbì bá gbé e. Òjò kan ṣoṣo ti tó láti ṣe é. Lára onírọ́bà tó ń yọ̀ lórí omi, mo máa ń ṣí èdídí ihò tó wà nídìí rẹ̀ kí omi máa jáde bá a ṣe ń lọ, àmọ́ tí eré bá ti dín kù, mo máa ń dí i, torí ihò yẹn kan náà ni omi máa gbà wọlé. Lára ọkọ̀ onípákó, ẹ má ṣí nǹkan kan.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ebè kejì tí mo sọ, omi tó parọ́rọ́ ló wà fún. Tí ìgbì òkun gidi bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, ọ̀nà yí padà. Ìgbì yẹn á gbé díńgì tó fúyẹ́, á fi ṣeré, á sì jù ú lu ìdí ọkọ̀, tàbí kó tilẹ̀ ṣáájú yín. Níbẹ̀, ọkọ yín ló gbẹ̀bùn: ẹ ta okùn gùn dáadáa, mítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wò ó títí tí ọkọ̀ àti díńgì á fi jọ máa gun òkè, tí wọ́n á jọ máa sọ̀. Tí ọ̀kan bá ń gòkè nígbà tí èkejì ń sọ̀, okùn á máa dẹ̀, á sì máa já gbà. Tí kò bá ṣì gbọ́ràn, ẹ so okùn gígùn kan mọ́ igun méjèèjì ìdí díńgì, kó tẹ̀ bí ọrun kó sì máa wọ́ nínú omi lẹ́yìn rẹ̀. Á fà á sẹ́yìn, á sì jẹ́ kó tọ ọ̀nà. Àwọn kan máa ń so garawa mọ́ ọn. Mo ti ṣe é rí, ọwọ́ garawa ló kọ́kọ́ kán.

Ọgbọ́n àbúrò ọkọ yín náà ní àyè tirẹ̀. Fún ìrìn kúkúrú lórí omi tó tẹ́jú, ẹ lè fa imú díńgì sókè mọ́ irin ìdí ọkọ̀ títí tó fi jẹ́ pé ìdí rẹ̀ nìkan ló kan omi. Kò ní sáré, kò ní fì. Àmọ́ tí ìgbì bá dé, á máa gbá ọkọ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Ní ti ìrìn àjò ọjọ́ méjì yín, èmi ò ní fà á rárá. Òru kan wà nínú rẹ̀, lóru ẹ ò ní rí i, ẹ ò ní mọ̀ pé omi ti kún un, ẹ kàn máa rí i pé ọkọ̀ ò sá mọ́. Ojú ọjọ́ ọjọ́ kejì sì máa ń yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ kà kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ gbé e sórí ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà ní èbúté. Okùn tẹ́ ẹ fi ń fa ìgbòkun sókè lè gbé e: ẹ so ó mọ́ imú díńgì, kí ẹnì kan máa fà, kí ẹnì kejì máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ dojú rẹ̀ dé síwájú òpó, kẹ́ ẹ dè é mọ́lẹ̀ ní ojú mẹ́rin. Tó bá bo ojú yín tàbí tó bá dí ilẹ̀kùn orí ọkọ̀, ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ ká a. Ìgbì ló máa ń jẹ́ kó ṣòro láti ṣe lójú òkun, ní èbúté, ìdajì wákàtí ni. Àwọn tó ní apá irin ìgbé-díńgì lẹ́yìn ọkọ̀ máa ń rò pé àwọn ti bọ́, àmọ́ òjò lè kún un níbẹ̀ náà, kí irin wá máa ké. Kí wọ́n ṣí èdídí ihò rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìrìn wákàtí díẹ̀ lójúmọmọ, mo gbà, ẹ fà á. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó wọ èbúté, kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ fa díńgì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kẹ́ ẹ sì so ó kúrú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yàn fún okùn yẹn, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn, torí tẹ́ ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì rìn sẹ́yìn nígbà tí okùn ṣì gùn, abẹ́ ọkọ̀ ló ń lọ tààrà. Bákan náà ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ ju ìdákọ̀ró, ọkọ̀ máa ń padà sẹ́yìn nígbà náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé kankan jókòó sínú díńgì nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ tó. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú kan síbi tí ẹni tó ń tukọ̀ lè na ọwọ́ mú. Ọjọ́ tí díńgì tó dojú dé bá ń fa ìdí ọkọ̀ yín sínú ìgbì, rọ́bà lásán ni, ẹ gé e.

Kẹ́ ẹ tó jáde lóṣù tó ń bọ̀, ẹ mú wákàtí kan lórí omi tó parọ́rọ́ lójúmọmọ. Ẹ wá ibi ebè kejì ní nọ́ọ̀tì 5, kẹ́ ẹ wé téèpù pupa mọ́ okùn níbẹ̀. Ẹ wá a ní 6, kẹ́ ẹ wé téèpù búlúù. Kí ọkọ yín di búlúù mú, kí àbúrò wọn di pupa mú, kẹ́ ẹ̀yin wá máa ka eré ọkọ̀ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá wọn àlàfo àárín téèpù méjèèjì, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ mọ bó ṣe sún mọ́ mítà 4 tó.